Igun Dẹ́kìn Tí A Dà Lẹ́yìn Iyán

Ògiri ló kọ́kọ́ kó mi nírìíra ní ìlú òyìnbó. Àwọn tó ṣáájú mi dé ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi títí ó fi sú mi. Wọ́n ti sọ ti oúnjẹ tí kò níyọ̀, wọ́n ti sọ ti aládùúgbò tí kì í kí ènìyàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé inú páálí ni wọ́n ń gbé. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo fi ìka kan ògiri yàrá tí mo háyà, ó dún kókó bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Mo tún kàn án níbòmíràn, ó tún dún. Páálí ni, páálí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun dì láàrin, tí wọ́n wá kùn lọ́dà. Èmi tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pòṣé.

Bíríkìlà ni mí. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, láti ẹ̀bá ọjà títí dé ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, kò sí àdúgbò tí n kò ti lè nawọ́ sí ilé kan pé ọwọ́ mi ló kọ́ ọ. Wọ́n ń pè mí dé Ìsẹ̀, wọ́n ń pè mí dé Emùré, mo ti da dẹ́kìn, ilẹ̀ kọ́ńkéré òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Ìlawẹ̀ àti Ògòtún rí. Bí wọ́n bá bi onílé léèrè ẹni tó kọ́lé fún un, tó bá ti dárúkọ mi, wọ́n á ní, "Háà, ìyẹn ò lè wó." Orúkọ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ó wúwo ju àpótí mi lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé e lé ìwọ̀n.

Oṣù méjì ni mo fi wáṣẹ́. Nígbà tí mo rí i, mo rò pé wọn yóò fi mí sídìí búlọ́ọ̀kù. Rárá o. Ihò ni wọ́n ní kí n máa dí.

Ilé alájà mẹ́fà là ń kọ́, àwọn arúgbó tí kò lè dá gbé mọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ fún. (Ìyẹn nìkan tó ohun tí ń rí ènìyàn lára, pé kí ènìyàn bímọ bí mẹ́rin, kó wá lọ darúgbó sínú páálí lọ́dọ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ.) Páìpù omi àti wáyà iná gba inú ògiri láti yàrá dé yàrá. Ibi tí páìpù bá gbà kọjá, àlàfo máa ń ṣẹ́kù létí rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú yàrá kan, inú àlàfo yẹn ni èéfín yóò gbà dé yàrá kejì, ẹ̀yìn páálí ni yóò sì ti máa rìn, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Nítorí náà, wọ́n ní àtè pupa kan tí wọ́n ń fi ìbọn kékeré tì sínú àlàfo. Bí ooru iná bá kàn án, á wú, á sì dí ọ̀nà pátápátá. Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n wá ihò, kí n fi àtè dí i, kí wọ́n tó fi páálí bò ó, kí n sì fọwọ́ síwèé pé mo ti dí i.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ṣe iṣẹ́ panápaná rí ló wá kọ́ wa. Iná ti jẹ etí òsì rẹ̀, èyí tó kù kò ju èèpo ẹ̀pà lọ. Gbogbo wa jókòó sórí àga oníke, à ń mu tíì, ọ̀pọ̀ ń wo fóònù. Ó ní, "Panápaná kò mọ̀ yín. Nínú èéfín, kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó mú un wọlé ni pé ẹnìkan ti sọ pé ògiri yìí á dúró, ẹnìkan ti sọ pé ilẹ̀ yìí á gba ẹsẹ̀ òun. Ọ̀rọ̀ yín ló ń tẹ̀ rìn."

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yán. Èmi ò yán. Àbúrò mi ni mo rántí.

Déjì lorúkọ rẹ̀, ìyá kan náà ló bí wa, èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ panápaná ló ń ṣe nílé. Láti kékeré ni kì í ti í sá fún iná. Bí wọ́n bá ń dáná sun oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni yóò kọ́kọ́ já ewé tútù láti fi pa á. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà ní ìlú òyìnbó, bọ́ọ̀tù ni mo fi rà fún un, bọ́ọ̀tù dúdú tó nípọn, tí iná kì í jó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà gbòòrò gbòòrò. Nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá wa ní òun rò pé ẹṣin ló ń bọ̀.

*

Fọ́ọ́máànù wa ń jẹ́ Míkì. Èmi ò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe ọkùnrin yẹn láìtu itọ́. Gbogbo ìgbà ni ẹnu rẹ̀ ń lọ, bí kò bá jẹ bisikíìtì, á jẹ ọ̀dùnkún díndín, ọwọ́ tó fi ń gbá eruku náà ló fi ń jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ti ń sún mọ́, iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì. Míkì wá bá mi ní àjà kẹrin. Ó ju agolo fóòmù kan sí mi, irú èyí tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má wọlé.

"Fi èyí dí i," ó ní. "Ó yá ju tìrẹ lọ."

Mo ní, "Èyí máa jóná. Ohun tí iná ń fẹ́ gan-an nìyí."

Ó wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó fọhùn. "Wọn ò ní rí i. Páálí máa bò ó." Ó wá na ìwé sí mi pẹ̀lú bírò.

Ọmọ Èkìtì kan wà níbi iṣẹ́ náà, àgbàlagbà ará Ìsẹ̀, tó ti lo ogún ọdún lókè òkun. Bàbá Ìsẹ̀ ni mo ń pè é. Òun nìkan ló ń kí mi "ẹ kú iṣẹ́" níbẹ̀. Àwọn yòókù, tí mo bá kí wọn, wọ́n á ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo lọ bá a nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo rojọ́.

"Ọmọ Ìkẹ́rẹ́," ó ní, "ulé baba rẹ ni?"

"Rárá, sà."

"Ulé baba mi ni?"

"Rárá, sà."

"Fọwọ́ sí i jàre, jẹ uṣu rẹ. Àlejò kì í bá onílé tún ulé ṣe."

Mo fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, mi ò wo ìwé náà mọ́ kí n tó fọwọ́ sí i. Ara mi ń rí mi lára. Mo ń wẹ ọwọ́ lójoojúmọ́, fóòmù náà kì í ṣí nínú èékánná, tí mo bá ń jẹ búrẹ́dì, òórùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Mo ń bú Míkì lọ́kàn mi, ẹlẹ́nu-bisikíìtì, apààyàn. Mo ń bú u, ṣùgbọ́n n kò pariwo, nítorí mo mọ òórùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

*

Déjì ló pè mí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́! Uná jó ní ulé àwọn télọ̀."

Mo ní, "Ilé àwọn télọ̀ wo?"

"Ulé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ kọ́ lẹ́bàá ọjà kẹ̀. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, wọn ò yọ wáyà rẹ̀, uná mànàmáná tó ti lọ wá dé. Àfi gbùlà! Bàbá Télọ̀ ti jáde o, ó tún sáré gòkè padà, ó ní aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà wà lókè. Èéfín ká a mọ́bẹ̀."

Mo dìde lórí ìjókòó. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo ṣe?"

"Mo ní kí àwọn méjì tá a jọ lọ dúró síta, kí wọ́n máa fọ́n omi. Mo ní ulé ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mo mọ̀nà ibẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn, mo gbé bàbá pọ̀n bí ọmọ, mo sọ̀. Ara rẹ̀ ti yá, orí aṣọ ló ṣì ń sun ẹkún lé."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Àtẹ̀gùn kẹ̀?"

"Òkè àtẹ̀gùn. Dẹ́kìn ibẹ̀. Kò ṣe nǹkankan?"

Ó wá ní, "Ó dúró. Ulé yín ni kẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín ayọ̀ ni.

Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi! Ṣé òtútù ùlú ọ̀hún ò pa ọ́? Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì o! Mo dúró níwájú gbogbo ìjọ, mo ní ẹ wá wo ohun tí Olúwa ṣe, àkọ́bí mi kọ́ ulé, uná wọ inú ulé, àbígbẹ̀yìn mi wọ inú uná, ulé ò wó! Pásítọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ o, ọmọ mi. Ẹni gbogbo ní Ìkẹ́rẹ́ ń sọ ọ́."

Mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ mẹ́ta ṣáájú èyí tó yẹ kí n sọ̀. Mo fara ti ògiri ilé ìtajà kan, mo bì. Obìnrin arúgbó kan tó ń fa ajá kọjá sọ pé ọtí ò dáa.

*

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa lè má mọ ohun tí iyán dẹ́kìn jẹ́. Ọjọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn, ọjọ́ kan náà ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ náà la gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Ìyàwó onílé á gún iyán, ṣùgbọ́n iyán kì í jáde àfi tí a bá da àwo kọ́ńkéré tó kẹ́yìn. Bí a bá ti wẹwọ́ jẹ ẹ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Lébírà á gba ilé rẹ̀ lọ, káfíńtà á gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí bíríkìlà tó jẹ́ pe òṣìṣẹ́ padà sí orí dẹ́kìn lẹ́yìn iyán. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n gbà pé dẹ́kìn tí a bá padà sí lẹ́yìn iyán, onílé kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ orúkọ rere kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a da dẹ́kìn ilé àwọn télọ̀, òjò ṣú. Ìyàwó onílé sọ pé òun ò ní jẹ́ kí òjò wọ ọbẹ̀ òun. Ó gbé iyán jáde. Igun kan ṣì kù, igun tó wà lókè àtẹ̀gùn, kò tóbi ju ẹní méjì lọ. Àwọn lébírà rí iyán, wọ́n ju àwo sílẹ̀. Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n lé ìyàwó onílé padà sí ilé ìdáná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyán yẹn ń yọ èéfín, àárọ̀ kùtù ni mo ti jẹun kẹ́yìn, gbogbo ènìyàn sì ń kì mí. Mo wẹwọ́. Mo jẹun. Mo tiẹ̀ bù kún un.

Nígbà tí àwọn tó kù ti lọ, èmi àti ẹni tó ń di irin padà sí igun yẹn bí olè. Irin tó ṣẹ́kù kò tó, a tò ó jìnnà síra wọn. Sìmẹ́ńtì kù bí ìdajì àpò. Mo sọ fún onílé pé kó rán ni sí ìsọ̀ kí ìsọ̀ tó tì. Ó ní, "Tìtorí igun kan? Ẹ fi iyanrìn nà án jàre." Mo fi iyanrìn nà án. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo rẹ́ ẹ, mo fi sìmẹ́ńtì tí mo pò mọ́ omi kùn ún lójú, ó dán, ó mọ́ ju gbogbo ìyókù dẹ́kìn lọ. Onílé jó lórí rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣílé.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá ọjà, ọwọ́ kejì títì ni mo máa ń wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bi mí ìdí tí mo fi kúrò nílé. Mo ní ti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ni, mo ní ti ọrọ̀ ajé ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìrìn-àjò náà ni pé mi ò ní gba ẹ̀bá ọjà kọjá mọ́. Ẹ sì wá wò mí, ẹni tó ń bú Míkì.

*

Àwọn panápaná ìlú òyìnbó wá yẹ ilé alájà mẹ́fà náà wò. Àṣà wọn ni: kí wọ́n mọ ilé kí iná tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n jẹ́ márùn-ún, Míkì ń ṣáájú wọn, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní àjà kẹrin, obìnrin kan láàrin wọn, ọmọge tí kò ga, dúró lẹ́bàá ògiri tí mo wà. Ó fi ìka kàn án kókó, bí èmi náà ti ṣe ní ọjọ́ kẹta tí mo dé.

"Ta ló dí ẹ̀yìn ibí?" ó béèrè.

Míkì nàka sí mi. "Òun ni. Kò sẹ́ni tó dà bíi rẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa."

Obìnrin náà yíjú sí mi, ó fi orí kí mi. "Ẹ ṣeun," ó ní. Kò tún béèrè nǹkankan. Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo wolẹ̀ nítorí ojú tì mí. Bọ́ọ̀tù ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Bọ́ọ̀tù dúdú tó nípọn, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà gbòòrò gbòòrò. Irú èyí tí mo rà fún Déjì gan-an ni.

Òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e, mo là á mọ́ ògiri. Páálí fọ́, mo fi ọwọ́ ya á sísàlẹ̀, fóòmù tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó yọ bí ọ̀rá ẹran tó ti rà. Mo ní, "Èmi ni mo dí i. Fóòmù ni. Mo fọwọ́ síwèé pé àtè ni. Irọ́ ni mo pa. Gbogbo àjà yìí ló rí bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà fi ìka méjì já fóòmù náà, ó wò ó, ó fi han ọ̀gá rẹ̀. Míkì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ sílẹ̀. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, wọ́n ti ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Bàbá Ìsẹ̀ ò wo ojú mi bí mo ṣe ń kó ẹrù. Ó ní, "O ti bá onílé tún ulé ṣe, àbí? Ó dáa." Láti ìgbà yẹn, bó bá rí mi lókèèrè, ọ̀nà míràn ló ń gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó sínú yàrá páálí mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. Wọ́n ti lé Míkì. Wọ́n ní kí n wá ṣáájú àwọn tí yóò tú gbogbo ògiri náà tí yóò sì tún un dí. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo nígboyà.

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí ni ìgboyà tó wà níbẹ̀? Ó rọrùn láti sòótọ́ ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ bàbá rẹ. Bí mo bá tilẹ̀ dójú ti ara mi níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́? Kò sí ìjọ tí yóò pàtẹ́wọ́, kò sí ìjọ tí yóò súfèé. Mo máa ń sọ nígbà náà pé ohun tó ń dun àjèjì ni pé kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo wá rí i pé ohun náà ni mo sá wá gbà. Ìkẹ́rẹ́ ni ibi tí orúkọ mi ń gbé, níbẹ̀ sì ni mi ò tíì ti la òòlù mọ́ ògiri.

*

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo pe Déjì, lẹ́yìn ìjọsìn. Mo ní kó jáde kúrò lọ́dọ̀ Màmá. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, mo gbọ́ ìró adìyẹ.

"Déjì, òkè àtẹ̀gùn ilé àwọn télọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Mo sọ fún un. Mo sọ ti òjò, mo sọ ti iyán, mo sọ ti irin tí kò tó àti ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Mo sọ ti bí mo ṣe rẹ́ ẹ tó dán. Mo ní, "O gun orí rẹ̀ nínú iná, o sì pọn ènìyàn sẹ́yìn. Ó yẹ kó wó. N kò mọ ohun tó dì í mú."

Mo gbọ́ tó lé adìyẹ kan dànù.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Kí lo mọ̀?"

"Kí uná yẹn tó jó la ti lọ yẹ àwọn ulé ẹ̀bá ọjà wò. Mo rí i pé ó ti là lábẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, iyanrìn dà sí mi lójú. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Gàrí ni."

"O mọ̀, o sì gùn ún? Déjì! Kí ló ṣe ọ́?"

"Bàbá wà lókè. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?"

"Ìwọ nìkan ńkọ́? O ní kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ dúró síta. O ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ìwọ lo mọ̀nà."

"Ulé ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́." Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, bí ìgbà tó wà ní kékeré tó bá ṣe ohun tí yóò gba ẹgba sí. "Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Èkejì, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Mo rò ó níwájú àtẹ̀gùn yẹn pé bí ulé ẹ̀gbọ́n mi bá máa wó pa ọmọ ẹnìkan, ọmọ ìyá rẹ̀ ni kó pa."

Adìyẹ ń ké lọ́hùn-ún. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Fún ta ni? Fún Màmá? Màmá ṣì ń jẹ́rìí." Ó mí kanlẹ̀. "Orúkọ yín ni mo bò. Èmi náà ò sàn jù yín lọ. Wọ́n ti kun ulé náà, ẹ̀gbọ́n. Àwọn télọ̀ ti padà sókè. Láràárọ̀ ni mo ń wo wọn tí wọ́n ń gùn ún."

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún tó ń wẹ ènìyàn mọ́. Ẹkún ìríra ni, ó korò lẹ́nu.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé," Déjì ní. "Gbogbo rẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí. Ẹ fọwọ́ sí i. Èmi á kọ tèmi mọ́ ọn, pé mo rí i, pé mo dákẹ́. N óò gbé e fún ọ̀gá mi lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá Màmá sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn tún dún. Mo gbọ́ ohùn Màmá, ó ń bọ̀, ó ń ṣàdúrà bó ti ń bọ̀. "Ọmọ mi, ọlọ́wọ́ rere, ẹni tí ulé rẹ̀ kì í wó."

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó."

*

Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Déjì ló sọ fún mi pé ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan láìṣe pé wọ́n pè é, ó ní òun wá gba ẹ̀rí òun padà, ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tàbí kí wọ́n má pa á. Àwọn onílé mẹ́ta ti pè mí láti bú mi. Ẹnìkan ní Emùré ti ní kí wọ́n wá yẹ dẹ́kìn òun wò. Mo sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìwé èmi àti Déjì dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n kó àwọn télọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wó igun náà, Déjì ya fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Mo wò ó nígbà oúnjẹ ọ̀sán, nínú eruku páálí. Wọ́n ti fọ gbogbo ilẹ̀ òkè lẹ́yìn iná, ó mọ́ roro, àfi igun yẹn nìkan. Nítorí pé iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, ooru iná ti họ ojú dídán tí mo fi kùn ún dànù, èérí iná sì ti mu wọnú rẹ̀, kò ṣeé fọ̀. Ní àárín rẹ̀ gan-an, ipa ẹsẹ̀ kan wà, ó dúdú ju ìyókù lọ, ilà rẹ̀ gbòòrò gbòòrò. Ipa bọ́ọ̀tù tí mo rà ni.

Ọkùnrin tó mú òòlù dúró sórí ibi tó dáa, ó na ọwọ́. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, igun náà já lọ sísàlẹ̀, tòun ti ipa ẹsẹ̀ àbúrò mi.